Ìrìn Àjò sí Odò St. Lawrence: Ẹja Tí A Mú, Tí A sì Jọ̀wọ́ Rẹ̀

Lọ́sẹ̀ yìí a fẹ́ mú yín lọ sí odò kan tí ó jìnnà réré sí ilé, ní ààlà ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Kánádà. Ẹja kan wà nínú odò náà tí àwọn ènìyàn ń fi ọjọ́ púpọ̀ àti owó púpọ̀ wá kiri. Bí wọ́n bá sì mú un tán, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń dá a padà sínú omi. Ọ̀rọ̀ yìí lè ṣe àjèjì létí ẹni tí a bí sí bèbè odò Ògún tàbí sí etí ọ̀sà Èkó, nítorí lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ó bá mú ẹja ńlá, ilé ni í gbé e lọ, aládùúgbò a sì bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú ìṣe àwọn ará ibẹ̀, ọgbọ́n náà sì kan gbogbo ilé tí ó ní ọmọ tí yóò jẹun lọ́la.

ODÒ NÁÀ

Odò St. Lawrence ni ó ń gbé omi adágún ńlá márùn-ún ti Àríwá Amẹ́ríkà lọ sí òkun Àtìláńtíkì. Orúkọ àwọn adágún náà ni Superior, Michigan, Huron, Erie àti Ontario. Láti ẹnu adágún Ontario, nítòsí ìlú Kingston, odò náà ń ṣàn lọ sí ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn ní nǹkan bí 1,200 kìlómítà, ó sì ń kọjá lẹ́bàá ìlú Montreal àti ìlú Quebec kí ó tó dé òkun. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Mohawk, tí ìletò wọn Akwesasne wà ní bèbè rẹ̀ di òní, ń pè é ní Kaniatarowanenneh, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ọ̀nà omi ńlá.

Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí wá láti ọ̀dọ̀ Jacques Cartier, atukọ̀ ará Faransé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún, ọdún 1535, ó wọ èbúté kan ní ìhà ẹnu omi náà. Ọjọ́ náà ni ìjọ fi ń rántí Lawrence Mímọ́, díákónì ìjọ Romu, ẹni tí a pa nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní ọdún 258; Cartier sì fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀. Nígbà tí ó yá, orúkọ náà tàn dé gbogbo odò. Ìtàn tí àwọn baba ìjọ fi sílẹ̀ ni pé, nígbà tí ìjòyè Romu pàṣẹ fún Lawrence pé kí ó kó ìṣúra ìjọ jáde, àwọn tálákà, àwọn opó àti àwọn arọ ni ó kó wá síwájú rẹ̀, tí ó sì wí pé ìṣúra náà nìyí. Kí òǹkàwé fi ìtàn náà pamọ́ sọ́kàn. A óò tún fi kan ọ̀rọ̀ wa kí a tó parí.

Apá odò tí a lọ ni èyí tí a ń pè ní Ẹgbẹ̀rún Erékùṣù. Orúkọ yìí kò tó òtítọ́, nítorí àwọn tí ó ka erékùṣù náà rí 1,864. Kì í ṣe gbogbo òkúta tí ó yọrí lókè omi ni a kà; èyí tí omi kì í bò mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, tí igi sì hù lórí rẹ̀, ni a ń pè ní erékùṣù. Òmíràn fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oko, abúlé àti ọ̀nà ọkọ̀ wà lórí rẹ̀. Òmíràn kò sì ju àyè ilé kan ṣoṣo lọ, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé láìkíyèsára, inú omi ni yóò bọ́ sí.

Lórí èyí tí a ń pè ní Heart, George Boldt, ọlọ́rọ̀ onílé-àlejò ará New York, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ààfin olókùúta fún aya rẹ̀ Louise ní ọdún 1900. Ní ọdún 1904 aya náà kú. Boldt ránṣẹ́ pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ jáwọ́ lọ́gán, ilé náà sì dúró láìparí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lónìí àwọn àlejò ń sanwó láti wò ó. Nítòsí ibẹ̀ ni afárá gíga tí ó so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀ wà. Ààrẹ Roosevelt ti Amẹ́ríkà àti Mackenzie King, olórí ìjọba Kánádà, ni wọ́n jọ ṣí i ní ọdún 1938.

Àwa mẹ́ta ni a jọ lọ: àwa tí a ń kọ ìwé yìí, àti tọkọtaya kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n ń gbé ní ìlú Syracuse. Oṣù Ọ̀wàrà ni. A gba ọ̀nà àríwá, a kọjá ní Watertown, kò sì pé wákàtí méjì tí a fi dé ìlú kékeré Clayton ní bèbè odò. Ewé igi ti pọ́n bí epo, òmíràn sì yọ̀ bí àpọ́nbéporẹ́. Afẹ́fẹ́ òtútù tí ń ti orí omi wá kọjá nínú ẹ̀wù wa bí ẹni pé a kò wọ nǹkan kan.

ẸJA NÁÀ

Mọ́sìkì ni gbogbo ènìyàn ń pe ẹja náà níbẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni muskellunge, tí a mú láti inú èdè àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà. Ara rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀kọ̀. Ẹnu rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ bí ti pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n eyín tí ó wà nínú rẹ̀ kò lóǹkà, ó sì mú bí abẹ́rẹ́. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ súnmọ́ ìrù, èyí sì ń fún un ní agbára láti ta bí ọfà. Kì í lé ẹja kiri. A máa lúgọ sẹ́bàá koríko inú omi tàbí ẹ̀gbẹ́ àpáta, a dúró jẹ́ẹ́ bí igi tí ó rì. Bí ẹja mìíràn bá sì kọjá, a fò mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹja ni olórí oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ bá wẹ̀ jìnnà sí ìyá rẹ̀, a gbé òun náà mì.

Láti oṣù Èbìbí sí oṣù Òkúdù, nígbà tí yìnyín ti yọ́ tí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn mọ́sìkì a wọ kọ̀rọ̀ omi tí kò jìn, níbi tí koríko gbé hù, láti yé. Abo ńlá kan lè yé ẹyin tí ó ju 100,000 lọ. Kì í kọ́ ìtẹ́, kì í sì í dúró ṣọ́ ọmọ. A fọ́n ẹyin sórí koríko, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹja mìíràn a jẹ púpọ̀ nínú wọn, òtútù a pa òmíràn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò sì dàgbà. Abo náà ní láti lo ọdún púpọ̀ nínú omi kí ó tó lè yé rárá. Nígbà tí ó bá sì yé, ó ṣeé ṣe kí ó máa padà sí kọ̀rọ̀ omi kan náà lọ́dọọdún. Ó lè gbé tó 30 ọdún.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Abo mọ́sìkì a máa tóbi ju akọ lọ púpọ̀. Nítorí náà àwọn ẹja ràbàtà tí àwọn ènìyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn, ìyá ni ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ gbogbo wọn.

BÍ A TI Ń WÁ A

Odò náà fẹ̀, ẹja náà sì ṣọ̀wọ́n. Òwe àwọn apẹja ibẹ̀ ni pé ẹja tí a ń ju ìwọ̀ sí ní ìgbà 10,000 ni mọ́sìkì. Atukọ̀ wa jẹ́ baba arúgbó kan tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Iṣẹ́ afinimọ̀nà lórí odò yìí ni baba rẹ̀ ṣe, òun ni baba baba rẹ̀ náà sì ṣe. Ní ayé ìgbà náà, ọkọ̀ igi fẹ́ẹ́rẹ́ tí orí àti ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó ni wọ́n fi ń wa àlejò kiri pẹ̀lú àjẹ̀. Lónìí ọkọ̀ náà ti di ohun àfiṣèrántí; a rí púpọ̀ nínú wọn ní ilé ìṣúra àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí ó wà ní Clayton.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n fi ń wá a. Ìkíní ni kí apẹja dúró nínú ọkọ̀, kí ó máa ju ìjẹ àtọwọ́dá sí ẹ̀gbẹ́ koríko, kí ó sì máa fà á padà kíákíá. Mọ́sìkì a máa tẹ̀ lé ìjẹ náà dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, a ṣe bí ẹni tí ń wò ó, kí ó tó pinnu. Nítorí náà ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í yọ ìjẹ kúrò nínú omi lójú kan náà. A fi ṣóńṣó ọ̀pá fa ìjẹ náà káàkiri nínú omi bí ẹni tí ń kọ òǹkà 8, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹja náà gbé máa ń gbé e nígbà mìíràn.

Ọ̀nà kejì, tí wọ́n fẹ́ràn jù lórí omi ńlá yìí, ni kí ọkọ̀ máa rìn jẹ́jẹ́, kí ó sì máa fa ìjẹ lẹ́yìn. Ìjẹ náà jẹ́ ẹja igi tàbí ti rọ́bà líle tí a kùn, òmíràn sì gùn tó apá ọmọdé. A fi wáyà so ó mọ́ orí okùn, nítorí eyín mọ́sìkì a gé okùn lásán bí ẹni gé òwú. Iṣẹ́ atukọ̀ ni láti mọ ibi tí ilẹ̀ abẹ́ omi gbé ṣẹ́ lójijì láti ibi tí kò jìn sí ibi tí ó jìn, nítorí létí irú ibẹ̀ ni ẹja náà ń lúgọ. Àwọn òkè àpáta kan wà lábẹ́ omi tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ láàárín àwọn apẹja. Èyí tí a ń pè ní Forty Acre, ní ìhà Kánádà, ni a kọ́kọ́ gbọ́. Ìgbà ìwọ́wé títí di ìgbà tí òtútù bá le ni àwọn tí ó tóbi jù máa ń bọ́ sí ọwọ́, èyí ni ó fi jẹ́ pé ìgbà tí ara ń fẹ́ iná ni apẹja mọ́sìkì ń jáde.

Ní ọjọ́ kìíní a jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, a sì wà lórí omi títí oòrùn fi wọ̀. A kò rí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, òjò wẹliwẹli ni ó rọ̀ sí wa lórí, a kò sì rí nǹkan kan. Nígbà náà ni a rántí Símónì Pétérù àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣe làálàá ní gbogbo òru lásán. Arákùnrin wa ará Ìjẹ̀bú bi atukọ̀ bóyá ẹja náà ti tán ni. Baba náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni, ọjọ́ méjì kọ́ ni a fi ń mọ odò yìí. Mo ti sin àlejò kan kiri ní ìgbà ìwọ́wé mẹ́ta kí ó tó fọwọ́ kan ọ̀kan.” Sùúrù ni baba ìwà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí, lórí odò St. Lawrence, òun ni baba ẹja pẹ̀lú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì náà, kí ọkàn wa má bàa rẹ̀wẹ̀sì, ó gúnlẹ̀ sí erékùṣù kékeré kan, ó sì dáná igi. Oúnjẹ tí ó sè jẹ́ ti àṣà àwọn afinimọ̀nà láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dín nínú agbada irin, wọn a fi ẹran dídín náà àti àlùbọ́sà sí àárín búrẹ́dì. Inú òróró kan náà ni wọ́n ń dín ẹja wẹ́wẹ́ sí, pẹ̀lú ọ̀dùnkún òyìnbó àti àgbàdo sísè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni kọfí gbígbóná. Arábìnrin wa wí pé bí kò bá ṣe ti ata tí kò sí níbẹ̀, òun ì bá ní ọmọ Yorùbá ni ó sè é. Ẹja wẹ́wẹ́ tí ó pọ̀ nínú odò ni a jẹ. A kíyèsí i pé kò sí ẹni tí ó dárúkọ mọ́sìkì mọ́ ti ìkòkò.

ỌJỌ́ KẸTA

Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ọ̀pá kan tí ó wà ní apá ọ̀tún ọkọ̀ tẹ̀ lójijì títí orí rẹ̀ fi kan omi, okùn sì ń ké bí ó ti ń tú jáde. Arákùnrin wa gbá a mú. Ẹja náà kò fò sókè. Ó wọ ìsàlẹ̀ lọ, ó wúwo bí ẹni pé àpáta ni ó há mọ́ ìwọ̀, lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sì ń bọ̀ wá bá wa. Ní ẹ̀ẹ̀mejì ni a rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì tún sá lọ. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, atukọ̀ na àwọ̀n ńlá kan sí abẹ́ rẹ̀. Kò gbé àwọ̀n náà wọ inú ọkọ̀. Inú omi ni ó fi ẹja náà sí, kí ó lè máa mí.

Gbogbo wa dákẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí omi òkùnkùn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán bí fàdákà tí a ta iyẹ̀rẹ̀ sí lára, ojú rẹ̀ sì ń wò wá láìbẹ̀rù. Atukọ̀ fi ọ̀pá ìwọ̀n wọ̀n ọ́n láti ẹnu dé ìrù: 55 ínṣì ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Arábìnrin wa ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọ̀gá atukọ̀, ẹja yìí yóò kún ìkòkò mẹ́ta. Ṣé a kò lè gbé e lọ sílé?”

Baba náà kò bínú. Ó ní, “Màdáámù, òfin gbà yín láàyè. Èyí tí kò bá tó 54 ínṣì ni òfin kọ̀. Èyí ti kọjá bẹ́ẹ̀. Tiyín ni. Ṣùgbọ́n abo ni. Ó lè ti tó ogún ọdún tí ó ti wà nínú omi yìí. Bí ẹ bá pa á, ẹ óò jẹ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò tún yé ní oṣù Èbìbí tí ń bọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn ẹja ńlá tí ó ti pẹ́ nínú omi wọ̀nyí a máa kó májèlé ilé-iṣẹ́ jọ sínú ọ̀rá wọn. Àwọn aláṣẹ ìlera ti kìlọ̀ pé kí àwọn obìnrin tí ń bímọ àti àwọn ọmọdé ṣọ́ra fún wọn.”

Arákùnrin wa wo aya rẹ̀. Ó ní, “Ìyá àwọn ọmọ, kí ni ẹ wí?”

Ìyá náà tún bojú wo inú àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, “Bí ó bá jẹ́ pé ìyá ọlọ́mọ ni, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.”

Atukọ̀ mú ẹmú gígùn, ó yọ ìwọ̀ méjì. Ẹ̀kẹta wọlé jù, nítorí náà kò fà á, ó fi irin gé e dànù. Kò gbé ẹja náà rọ̀ láti wọ̀n ọ́n, nítorí bí a bá fi ẹnu gbé ẹja tí ó wúwo bẹ́ẹ̀ kọ́, egungun àti ìfun rẹ̀ a fara pa. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e dọ́gba, a ya fọ́tò kan, kò tó ìṣẹ́jú kan, ó sì tún dá a padà sínú omi. Ó di ìdí ìrù rẹ̀ mú, ó dúró tì í títí agbára rẹ̀ fi padà. Lójijì ìrù náà jà, omi ta sí wa lójú, kò sì sí nǹkan kan mọ́ bí kò ṣe omi dúdú tí ń ṣàn lọ.

BÍ WỌ́N ṢE KỌ́ Ọ

Àwọn ará odò yìí kò ṣàdéédé ní ọgbọ́n náà. Ní ayé àtijọ́ gbogbo mọ́sìkì tí a bá mú ni a ń pa, tí a ń so kọ́ sórí igi ní èbúté kí gbogbo ènìyàn lè rí i, kí a sì lè ya àwòrán ẹni tí ó pa á. Ìfẹ́ ògo gba ọkàn àwọn ènìyàn. Ní ọdún 1957, Arthur Lawton kéde pé òun mú ọ̀kan nínú odò yìí tí ó wọn pọ́ùn 69 àti áúnsì 15, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mú èyí tí ó tóbi jù ní gbogbo ayé. Ọdún 35 ni orúkọ náà fi dúró. Ní ọdún 1992, lẹ́yìn tí a ti yẹ àwọn fọ́tò rẹ̀ wò fínnífínní, àwọn tí ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ náà yọ ọ́ kúrò, nítorí ẹja tí ó wà nínú fọ́tò kò lè tó bẹ́ẹ̀. Ẹja ti kú, ògo náà sì ti ṣí lọ.

Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọdún yẹn, àwọn olóye ti kíyèsí i pé ẹja náà ń dín kù. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga nípa igbó àti àyíká ní Syracuse bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn kọ̀rọ̀ omi tí mọ́sìkì ń yé sí. Ẹgbẹ́ kan ní Clayton, tí a ń pè ní Save The River, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1978, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1987: apẹja tí ó bá mú mọ́sìkì tí òfin gbà á láàyè láti pa, ṣùgbọ́n tí ó jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò gba àwòrán oníyì kan tí ayàwòrán yà, kí ó lè gbé e kọ́ sára ògiri ní ipò ẹja gbígbẹ. Ìjọba New York àti ti Ontario pẹ̀lú ń gbé ìwọ̀n ẹja tí a lè pa sókè díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di 54 ínṣì ní àgbègbè yìí. Lónìí, ẹni tí ó bá gbé òkú mọ́sìkì wọ èbúté kì í rí ìyìn mọ́.

Kò yẹ kí a fi ìpọ́njú pamọ́ sílẹ̀. Láti ọdún 2005 ni àrùn ẹja kan tí a ń fi lẹ́tà VHS pè bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn àgbà mọ́sìkì inú odò yìí, òkú àwọn ìyá ńlá sì ń léfòó lójú omi fún ọdún bíi mélòó kan. Ẹja kékeré àjèjì kan tí a ń pè ní gobi, tí ó ti ìhà Òkun Dúdú wá nínú omi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbé sínú láti fi dúró ṣinṣin, ti pọ̀ káàkiri, ó sì ń jẹ ẹyin ẹja. Láti ìgbà tí a ti kọ́ ìsédò sí àárín Massena àti Cornwall, tí a sì ṣí ọ̀nà ọkọ̀ òkun ní ọdún 1959, a kò jẹ́ kí omi máa kún kí ó sì máa fà bí ó ti ṣe látilẹ̀wá. Koríko gígùn kan sì bo ọ̀pọ̀ kọ̀rọ̀ omi tí ẹja náà ń yé sí. Ní ọdún 2017 ni ètò tuntun bẹ̀rẹ̀, láti jẹ́ kí omi tún máa ṣe bí ìṣe rẹ̀ àtijọ́ dé àyè kan. Títí di òní àwọn tí ń ka ọmọ mọ́sìkì nínú àwọn kọ̀rọ̀ omi náà ń rí díẹ̀ sí ti àtijọ́.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ìjọ̀wọ́ kì í fi í ṣe eré. Apẹja kò lè wo àrùn sàn, kò sì lè lé gobi padà sí ilé rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ìyá ẹja tí ó wà nínú àwọ̀n rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Òfin Mósè mọ èyí tipẹ́. Ó pàṣẹ fún ọmọ Ísírẹ́lì pé bí ó bá rí ìtẹ́ ẹyẹ lójú ọ̀nà, ó lè kó àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí ìyá máa lọ, kí ó lè dára fún un, kí ọjọ́ rẹ̀ sì lè pẹ́. Àwọn baba tiwa náà mọ̀ ọ́n, nítorí wọ́n wí pé àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ohun tí a ń sọ kì í ṣe pé kí àwọn apẹja wa dá ẹja padà sínú omi kí ọmọ wọn sì sùn lébi. Ẹja tí Ọlọ́run fi fún wa láti jẹ, ẹ jẹ́ kí a jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó jẹ́ ìyá nínú ohun ìní rẹ̀: irúgbìn tí a fẹ́ sè nítorí àlejò ọjọ́ kan, ilẹ̀ ìdílé tí a fẹ́ tà nítorí ìnáwó òkú, abo ewúrẹ́ tí ó lóyún tí a ti so mọ́ igi de ọjọ́ àjọ̀dún. Lawrence Mímọ́ fi àwọn ẹni tí kò sí ẹni tí ń kà sí hàn gẹ́gẹ́ bí ìṣúra. Ìṣúra odò tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ààfin Boldt. Ó wà nínú kọ̀rọ̀ omi tí kò jìn, lórí koríko, ní oṣù Èbìbí, níbi tí ìyá kan tí ẹnì kan jọ̀wọ́ rẹ̀ ti padà wá yé.